Ẹ̀sùn Lórí Tube EL34 Mẹ́rin Tí Ẹ Tà Fún Mi

Ìbàdàn

Sí Ọ̀gá Tó Ń Bójú Tó Ọ̀rọ̀ Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra EL34 mẹ́rin, ìyẹn tube onígíláàsì tó ń mú ohùn ròkè, lọ́wọ́ yín fún amplifáyà tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀rọ náà ní ojú kan ṣoṣo tí a ti ń yí bíásì, ìyẹn ìjánu tó ń pinnu bí iná ṣe máa ṣàn tó nínú tube, fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. N kò lè dá ọ̀kan fà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ bá mi ṣa mẹ́rin tó bára mu, tí mo sì san owó lé e. Ẹ kọ “matched” sára páálí, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀.

N kò tíì lò ó tó ìṣẹ́jú 20 tí irin inú ọ̀kan fi pọ́n bí ẹyinná. Mo sáré pa á. Nígbà tó tutù, mo tún un tàn fún ìgbà díẹ̀, mo fi mítà wọn iná tó ń gba ìdí tube kọ̀ọ̀kan kọjá. Mẹ́ta ka 32, 35 àti 36 mA (mílíámpù, òṣùwọ̀n iná tó ń ṣàn). Ẹ̀kẹrin ka 61. Fóòtì 440 ló wà lórí wọn. Ẹ̀kẹrin yẹn ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 27, bẹ́ẹ̀ wáàtì 25 ni òpin agbára EL34.

Ọmọ iṣẹ́ yín tó gbé fóònù ní amplifáyà mi ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbé tube tó pọ́n náà lọ sí ihò mìíràn, pípọ́n náà tẹ̀ lé e lọ. Èyí tí mo fi dípò rẹ̀ kò pọ́n rárá. Ọmọ iṣẹ́ yín tún ní kí n lọ fi 6L6GC, irú tube mìíràn, sí i, pé ihò kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Èyí ló dùn mí jù. Wíwọ ihò kọ́ ni bíbára mu: bíásì wọn kò dọ́gba. Ẹni tó bá sì gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀, tó ki EL34 bọ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 6L6GC, iná tó ń mú tube kan gbóná á fò láti 0.9 A sí 1.5 A. Tiransífọ́mà rẹ̀ lè jóná.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi mẹ́rin mìíràn ránṣẹ́, kí ẹ kọ iye mA tí ẹ wọ̀n sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti fóòtì tí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ dá owó mi àti owó ọkọ̀ padà. Òfin ààbò oníbàárà ti 2018 fún mi ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà.

Mo ti dá àwọn tube àtijọ́ ti bàbá mi padà sínú ẹ̀rọ náà. Wọ́n ti darúgbó, ohùn wọn ti ń lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n bára mu.

Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.