Lẹ́tà sí àbúrò mi tó fẹ́ kí kódù rẹ̀ mọ Yorùbá kà

Àbúrò mi àtàtà,

O kú iṣẹ́, o kú akitiyan. O béèrè pé kí ló dé tí ètò rẹ ń sọ pé òun kò rí "ọ̀rọ̀" nígbà tí "ọ̀rọ̀" wà nínú fáìlì kedere. Ìbéèrè gidi ni. Ojú rẹ kò ṣe bàìbàì, kódù rẹ náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ láṣìṣe. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jọra lójú wa ni, wọn ò jọra nínú kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ kí o mọ ìdí rẹ̀ débi tí wàá fi lè tún un ṣe nínú sọ́fítíwíà ẹlòmíràn, torí ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí o ti bẹ̀rẹ̀ nínú open source, ìyẹn sọ́fítíwíà tí kódù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ àwọn irinṣẹ́ tí à ń lò kò gbọ́ Yorùbá. Àwa tí a gbọ́ ọ ni a máa rí ibi tó ti bàjẹ́.

Jẹ́ ká mú lẹ́tà kan ṣoṣo, ọ́. Unicode ni ètò tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. Nínú rẹ̀, ọ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1ECD. Ẹ kékeré jẹ́ U+1EB9, ṣ sì jẹ́ U+1E63. Èdè Vietnam náà ń lo ọ àti ẹ, a sì ń jẹ àǹfààní ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ́, tó ní àmì lábẹ́ tó tún ní lókè, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, kò sì ní ní in láé, torí àjọ Unicode ti pinnu pé lẹ́tà tí a bá lè fi àwọn ẹ̀yà tó wà nílẹ̀ kó jọ kò tún ní gba nọ́ńbà tuntun. Kíkó jọ la máa ń kó o jọ, ọ̀nà mẹ́ta lo sì máa bá pàdé jù. Àkọ́kọ́: U+1ECD, kí U+0301 (àmì ohùn òkè) tẹ̀lé e. Èkejì: o lásán, U+0323 (àmì abẹ́), lẹ́yìn náà U+0301. Ẹ̀kẹta: ó, tí í ṣe U+00F3, kí àmì abẹ́ tẹ̀lé e. Nínú UTF-8, ìlànà tí a fi ń kọ àwọn nọ́ńbà yìí sínú fáìlì, báìtì 5 ni ti àkọ́kọ́, 5 ni ti èkejì, 4 ni ti ẹ̀kẹta. Lójú, bí ìbejì tó wọ aṣọ kan náà ni wọ́n rí. Àmì `==` nínú Python kò wo aṣọ, nọ́ńbà ló ń kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tó fi ń fún ọ ní `False`.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, wò ó fúnra rẹ. Tẹ `[hex(ord(c)) for c in s]`, kí `s` jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí "ọ̀rọ̀" bá wà ní ìlànà tí wọ́n ń pè ní NFC, tó ń kó lẹ́tà àti àmì rẹ̀ jọ sí nọ́ńbà kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe, `len` rẹ̀ (iye nọ́ńbà inú rẹ̀) yóò jẹ́ 5. Bó bá wà ní NFD, tó ń tú àmì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, yóò jẹ́ 7. Ìwọ tí ò ń kà á, lẹ́tà mẹ́ta péré lo rí. Kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, máa ka nọ́ńbà báyìí. Ó ń dín àròsọ kù.

Àtúnṣe rẹ̀ kò gùn: sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di NFC. Nínú Python, `unicodedata.normalize("NFC", s)`. Nínú JavaScript, `s.normalize("NFC")`. PostgreSQL (database kan, ìyẹn ibi tí a ń tọ́jú détà sí) náà ní `normalize()` láti ẹ̀dà 13. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ibi tí wàá fi í sí. Ẹnu ọ̀nà ni: gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọlé, ìbáà jẹ́ fọ́ọ̀mù, fáìlì CSV, tàbí ètò mìíràn tó ń bá tìrẹ sọ̀rọ̀. Bí o bá tún ọ̀rọ̀ inú database ṣe, tí o kò tún èyí tí ènìyàn tẹ̀ síbi ìwákiri ṣe, òfo ni. Bí o bá sì tún ẹnu ọ̀nà ṣe, tí o gbàgbé àwọn ọ̀rọ̀ tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdajì òfo ni. Ṣiṣẹ́ lórí àwọn ti àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o tó ṣí ilẹ̀kùn tuntun.

Ohun kan wà tí NFC kò lè tún ṣe. Àwọn kan ń fi ìlà kékeré dípò àmì roboto sábẹ́ lẹ́tà, U+0329 ni nọ́ńbà ìlà náà. Lójú Unicode, kò bá U+0323 tan rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ɔ (U+0254) àti ɛ (U+025B) tí wọ́n fi ń kọ Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí `sh` ti dúró fún ṣ. Bí o bá fẹ́ kí ará Kétu rí ohun tí ará Ìbàdàn kọ, tábìlì ìpààrọ̀ tìrẹ lo máa kọ, kí o sì lò ó fún ìwákiri nìkan. Má ṣe fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ni ín ṣe kọ ọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni yíyọ àmì. Ọ̀pọ̀ library (kódù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ fún wa láti lò) tó ń sọ àkọlé di àdírẹ́sì ojú ewé máa ń tú lẹ́tà sí NFD, wọ́n á sì gé gbogbo àmì dànù. Oko tí à ń ro, ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí à ń wọ̀: gbogbo wọn á di `oko`. Ojú ewé mẹ́rin, àdírẹ́sì kan. Èyí tó dé kẹ́yìn lè pa èyí tó ṣáájú rẹ́. Ohun tó yẹ ni kí o yọ ohùn nìkan, kí o fi àmì abẹ́ sílẹ̀:

`d = unicodedata.normalize("NFD", s)`
`d = "".join(c for c in d if c not in "\u0300\u0301\u0304")`
`s = unicodedata.normalize("NFC", d)`

Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ṣì máa papọ̀ níbẹ̀, nítorí náà fi nọ́ńbà kún ìparí àdírẹ́sì náà. Fún ìwákiri, tọ́jú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìpele mẹ́ta: bó ṣe wà gan-an, èyí tí kò lóhùn, èyí tí kò ní àmì kankan. Ẹni tó bá tẹ "oko" lórí fóònù torí pé kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ní àmì gbọ́dọ̀ rí èsì. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tẹ "ọkọ̀" ni kí o fi ọkọ̀ sókè pátápátá fún.

Máa ṣọ́ra fún gígé pẹ̀lú. Bí o bá sọ pé orúkọ kò gbọ́dọ̀ ju 20 lọ, àmì ohùn ni kọ̀ǹpútà ń kà mọ́ ọn, orúkọ Yorùbá á sì kún kí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn tó o tó kún. Bí o bá sì gé e láàárín, ohùn á já kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀. `Intl.Segmenter` nínú JavaScript ń ka lẹ́tà bí ojú ṣe rí i. Nínú Python, module `regex` (kì í ṣe `re`) ní `\X` fún un.

Bí àmì bá kàn ń fò lókè, tí kò jókòó lórí lẹ́tà, fọ́ǹtì ló ṣe é, kì í ṣe détà. Fi Noto Sans dán an wò kí o tó fọwọ́ kan kódù.

Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe kódù, wá ńkọ́? Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2005 fún iṣẹ́ Linux, ohun tó sì bá ìgbésí ayé wa mu jù nínú rẹ̀ ni pé gbogbo ìtàn iṣẹ́ náà máa ń wà lórí láptọ́ọ̀pù rẹ. Iná lè lọ, détà lè tán, wàá ṣì lè ṣe commit, ìyẹn ni pé wàá lè fi iṣẹ́ rẹ pamọ́ sínú ìtàn náà. Ṣe é léraléra, torí pé ohun tí o kò bá tíì commit, `git reset --hard` á pa á rẹ́, `git reflog`, àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí o ti dé rí, kò sì ní lè bá ọ wá a. Bí repository (àpò tí iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀) bá tóbi, `git clone --depth 1` á gbé ẹ̀dà tó kẹ́yìn nìkan wá, á sì dín owó détà kù.

Bí o bá sọ fáìlì ní `ọ̀rọ̀.txt`, `git status` lè kọ ọ́ báyìí: `"\341\273\215\314\200r\341\273\215\314\200.txt"`. Má bẹ̀rù. Báìtì rẹ̀ ló tò síta. Ó tilẹ̀ wúlò, torí `\341\273\215` ni ọ odindi, ìyẹn ni pé NFC ni. Bí o bá rí `o\314\243`, NFD ni. `git config --global core.quotepath false` á dá orúkọ náà padà sí bí ó ṣe yẹ. Lórí Linux, fáìlì méjì lè jẹ́ orúkọ tó jọra délẹ̀ nínú fódà kan náà, nígbà tí Mac máa ń kà wọ́n sí ọ̀kan. Nítorí náà, níbi iṣẹ́ àjọṣe, fi lẹ́tà lásán sọ fáìlì lórúkọ, kí Yorùbá wà nínú rẹ̀.

Tí o bá ti rí ibi tí sọ́fítíwíà kan ti ń ba Yorùbá jẹ́, kọ́kọ́ ka fáìlì LICENSE, tó sọ àṣẹ tí o ní lórí kódù náà. Kódù tí kò bá ní in, kò sí ẹni tó fún ọ láṣẹ láti lò ó, bó tilẹ̀ hàn sí gbangba. Lẹ́yìn náà ka CONTRIBUTING, tó sọ bí wọ́n ṣe ń gba àtúnṣe. Bí o bá ń wá ibi tí wàá ti kọ́kọ́ kà, kódù YorubaName.com, tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, wà lórí GitHub. CLDR pẹ̀lú, àkójọ détà nípa àwọn èdè, níbi tí ọ̀pọ̀ fóònù ti ń gba orúkọ oṣù àti ọjọ́, ní ti `yo` (Yorùbá) àti ti `yo-BJ` (Yorùbá ti Benin) lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Nígbà tí o bá ń ròyìn àṣìṣe fún wọn, má lẹ "ọ́" mọ́ ìwé lásán, torí ohun tí o lẹ̀ lè yí padà lójú ọ̀nà. Kọ ọ́ ní `\u1ecd\u0301` àti `o\u0323\u0301`, sọ ohun tí o retí àti ohun tó jáde. Bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe nínú test (kódù tó ń yẹ kódù wò), kí editor ẹlòmíràn má bàa sọ méjèèjì di ọ̀kan, kí test máa yege lásán. Fi ọ, ẹ àti ṣ sí i ní lẹ́tà ńlá àti kékeré, kí ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ wà lórí ọ àti ẹ, kí o sì rántí ń àti m̀: ń ní nọ́ńbà kan, U+0144, m̀ kò ní. Lẹ́yìn náà ni kí o fi pull request (ìbéèrè pé kí wọ́n gba àtúnṣe rẹ) ránṣẹ́, kí àtúnṣe inú rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan.

Kí gbogbo ilé fún mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ