Ojú Ère Bàbá Rẹ

Kétu, Benin, alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Ìyá Ìbejì tèmi,

Ṣé àwọn ọmọ ò tíì da Libreville rú? Níbí, òjò pẹ́ kó tó dé, àgbàdo wọ́n, ọmọ àbúrò ìyá rẹ bí obìnrin, èmi sì ti sanra. Ìròyìn ilé tán.

Bàbá rẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Wọ́n ṣe ìdíje ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ládùúgbò wa. Láti 2001 tí UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fáráyé, kò sẹ́ni tí kò di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú rẹ̀ mọ́, ni wọ́n bá ní kí èmi náà wá ṣe adájọ́. Wọ́n fún wa ní ìwé ká fi máàkì sí i lórí ogún, bí ìgbà tí tíṣà ń ṣe ìdánwò. Bàbá gbé ère wá, mo fún wọn ní 11. Ọmọ kan fi bídọ́ọ̀nù, kẹ́ẹ̀gì epo kpayo tí wọ́n ń ṣe fàyàwọ́ rẹ̀, ṣe tiẹ̀, bíi ti Romuald Hazoumè ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí wọ́n fún lẹ́bùn ní Kassel, ní Jámánì, lọ́dún 2007. Mo fún ìyẹn ní 15. Bàbá dìde láàárín èrò: "Ìwọ ọmọ yìí, kí lo fi wọ̀n ọ́n?"

Ẹnu mi wọhò.

Ọkọ mi ní mo fọwọ́ ara mi fà á, pé ohun tó wu ojú kálukú ló dára lójú rẹ̀, ta ló ń fi máàkì sí ẹwà? Mo ní bí mi ò bá fẹ́ràn ilá, ẹnu mi ni. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ ò bá sí nínú ọbẹ̀ ńkọ́? Ó dákẹ́, ó ń jẹun.

Ìyá Ìbejì, ṣé o rántí ìsọ̀ Bàbá? Ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, fínfín, ìpele ère gbígbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ti kà á lórí kó tó di pé a mọ ABD. Wọ́n á gbé ère sókè, wọ́n á ní "kò gún," àwa ọmọ kéékèèké á wò ó, lóòótọ́ kò gún! Ará Amẹ́ríkà kan, Robert Farris Thompson, rìn káàkiri ìlú Yorùbá nígbà 1960 sí i, ó ń gbé ère síwájú àwọn èèyàn pé èwo ló dára jù, kí ló dé. Wọn ò sọ pé "ó ṣáà wù mí." Wọ́n ń dárúkọ ìdí: gígún, dídán, kó jọ èèyàn, kó má jọ ọ́ jù. Ìwọ̀n Bàbá gan-an ni mo fi wọn ère Bàbá. Ojú òsì rẹ̀ wálẹ̀ ju tọ̀tún lọ.

Àfi bí òyìnbó kan tó ń ya fọ́tò ṣe dúró tì í, tó ní ojú tó wọ́ yẹn gan-an ló mú òun lọ́kàn, òun máa rà á. Bàbá wò mí tìṣẹ́guntìṣẹ́gun. Kí n má purọ́, ó mì mí. Bó bá jẹ́ Hazoumè ló wọ́ ojú ère, bóyá 18 ni màá fún un. Ṣùgbọ́n ìyẹn á mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Bàbá ò mọ̀ọ́mọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo pàdé wọn nítòsí Àkàbà Ìdénà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ti ń retí kí wọ́n mójú kúrò. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní ìgbà wo ni mo ti Libreville dé. Orúkọ rẹ ni wọ́n fi pè mí. Mo dáhùn, kí ni ǹ bá ṣe?

A máa ń fi yangàn pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Ọ̀rọ̀ náà ò dùn lẹ́nu mi mọ́.

Jọ̀ọ́, pè wọ́n. Má dárúkọ ojú o! Sọ pé ìwé tí wọ́n máa fi wá rí àwọn ìbejì ń fẹ́ kí dókítà ojú kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, kí wọ́n jẹ́ kí n sìn wọ́n lọ sí Kútọnu. Owó mọ́tò wà lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá ní àwọn ò bá mi rìn, bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò ní yí 11 yẹn padà o.

Èmi ni, olórí kunkun rẹ.

Mo gbàgbé: wọn ò ta ère náà fún òyìnbó yẹn. Ọmọọṣẹ́ wọn ní bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á gbé e lé itan, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò wá ojú rẹ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún.