Kí lẹ fi rẹ àgbo yín?

Ọ̀gá Olóòtú,

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ pé ọtí ló ń jẹ́ kí oògùn ara ríro tètè ṣiṣẹ́. Orí àtẹ kan náà ni ìgò paraga àti káàdì Tramadol, oògùn ara ríro tó le, wà báyìí, àwọn tí ìjọba ń sanwó fún láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́ sì ń wakọ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Kápúsù 50 àti 100 mílígíráàmù ni NAFDAC fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n 200 àti 225 ló ń tà lórí àtẹ. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ dókítà ló kọ ọ́, 400 ni òpin fún àgbàlagbà láàárín ọjọ́ kan. Ẹyọ méjì oní-225 ti fo ìyẹn kọjá, a ò sì tíì sọ̀rọ̀ ọtí o. Irú Tramadol kan tún wà tí wọ́n ṣe kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 12. Àwọn ọmọ tó ń rà á lórí àtẹ á lọ̀ ọ́ sínú ògógóró, iṣẹ́ wákàtí 12 á sì bá wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Tramadol ń dín mímí kù, ọtí náà ń dín in kù. Ẹni náà á sùn, á máa hanrun lọ́nà òdì, ètè àti èékánná rẹ̀ á ṣú. Ará ilé á ní ọtí ló ń pa á, kí wọ́n jẹ́ kó sùn ún kúrò lójú. Ilẹ̀ á mọ́, kò ní jí. Ẹlòmíràn, gìrì ló máa kọ́kọ́ gbé e. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lélẹ̀, ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, torí ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kẹ́ ẹ mú káàdì oògùn náà dání.

Diclofenac àti ibuprofen, oògùn ara ríro ni àwọn náà, lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, ọtí á wá fẹ ojú rẹ̀. Ìgbẹ́ tó bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ̀jẹ̀ lè wà níbẹ̀. Paracetamol oní-500, hóró 8 ni òpin láàárín wákàtí 24, ẹ̀dọ̀ ẹni tó ń mutí lójoojúmọ́ sì lè má gba ìyẹn.

Àwa tó ń ta oògùn náà jẹ̀bi. A ó bi bàbá pé, “Ṣé ẹ ń mutí?” Bàbá á ní, “Rárá o, mo ti fi í sílẹ̀.” Kò purọ́ lójú ara rẹ̀: àgbo jẹ́díjẹ́dí kì í ṣe ọtí, ẹmu àárọ̀ kì í ṣe ọtí. Bẹ́ẹ̀ ògógóró ni wọ́n fi rẹ àgbo yẹn, ẹmu tó dùn láàárọ̀ sì ti le kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ jẹ́ ká yí ìbéèrè padà: “Kí lẹ fi rẹ àgbo yín, omi, omidùn àbí ògógóró? Ìgbà wo lẹ mu ún kẹ́yìn?” Lẹ́yìn náà, lára àpò pépà tí a ń kọ iye hóró sí, ká fi báírò pupa ya ife kan, ká fa ìlà méjì gbà á kọjá. Ẹni tí kò mọ̀wé, ó máa yé e pé kó má fi ọtí lò ó. Kí àwọn aláṣẹ sọ ọ́ di dandan fún gbogbo kẹ́míìsì, láti Ìjerò dé Ọmùò. Olùbẹ̀wò tó bá dé, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó wo àpò oníbàárà mẹ́ta tó ń jáde. Bí kò bá sí ife lára rẹ̀, kó gba owó ìtanràn.

Kí ọsibítù ìjọba kọ̀ọ̀kan ní abẹ́rẹ́ naloxone tó ń dá mímí padà. Kí wọ́n sì palẹ̀ àwọn àtẹ yẹn mọ́. Kí wọ́n palẹ̀ wọn mọ́, wọ́n mọ ibi tí wọ́n wà.

Apòògùn kan,
Adó-Èkìtì.