Ẹ̀sìn kọ́ ló kọ́ àwọn olórí Sòmálíà láti má jíhìn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àròkọ kan tí ẹ tẹ̀ jáde lórí Sòmálíà ni mo fẹ́ fèsì sí. Ẹni tó kọ ọ́ ní ẹ̀sìn ló ba ìjọba ilẹ̀ náà jẹ́ láti ọdún 1991. Ó ní Mùsùlùmí ni gbogbo wọn, Mùsùlùmí kì í sì í bi olórí rẹ̀ ní ìbéèrè. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Mùsùlùmí ni mí, Minneapolis ni mo ń gbé, ìlú tí àwọn ọmọ Sòmálíà pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ó kan ẹ̀sìn mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bí mi nínú jù ni pé ó ń tú àwọn tó jẹ owó ìlú sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ̀bi bá ti di ti ẹ̀sìn, ta ni yóò tún lọ bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mínísítà?

Ẹni tó bá rò pé àwọn ọmọ Sòmálíà kì í bi olórí ní ìbéèrè, kó wá jókòó ní àdúgbò Cedar-Riverside tàbí ní ọjà Karmel níbí, láàárín Àlàásárì sí Màgàríbì. Àwọn ọkùnrin á kó ara wọn jọ sídìí tíì onímílíìkì, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Fadhi ku dirir ni wọ́n ń pe ìjókòó náà. Ọ̀rọ̀ Mogadishu tó jẹ́ olú ìlú, ọ̀rọ̀ Puntland àti Jubaland tí wọ́n jẹ́ ìpínlẹ̀ níbẹ̀, ta ló gbowó lọ́wọ́ ta ni, wọn kì í fi ìkankan sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ta aṣọ nínú ọjà kan náà kì í gbà kí ọkùnrin dá ọ̀rọ̀ yẹn sọ. Owó tiwọn ló ń lọ sílé lóṣooṣù, òun ni ẹbí fi ń san owó ilé-ìwé, òun ni wọ́n fi ń ra oògùn, nítorí náà wọ́n mọ iṣẹ́ tí ìjọba kò ṣe. Wọ́n sì mọ àwọn olórí náà dáadáa. Mohamed Abdullahi Mohamed tí gbogbo ayé ń pè ní Farmaajo, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ New York ni, ní ìlú Buffalo, kó tó lọ di ààrẹ Sòmálíà ní oṣù Kejì ọdún 2017. Àárín irú àwọn ènìyàn yìí ló ti wá. Ẹ̀rù irú olórí bẹ́ẹ̀ kì í bà wọ́n.

Ohun tí òǹkọ̀wé yín kò rí ni pé inú ẹ̀sìn gan-an ni ìbéèrè wọn ti ń jáde. Al-Kùránì ni ààrẹ àti àwọn aṣòfin Sòmálíà fi ń búra. Nígbà tí inú bá ń bí wọn sí aṣòfin kan, ohun tí mo máa ń gbọ́ ni pé ó fọwọ́ lé Kùránì, ó sì jẹ ohun tí a fi sọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn náà mọ ìtàn Umar, olórí Mùsùlùmí kejì lẹ́yìn Ànábì, tí àwọn àlùfáà wa ń sọ nílé: ó dúró lórí mínbárì, ọkùnrin kan sì dìde pé òun kò ní gbọ́rọ̀ rẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí aṣọ tó tóbi ju èyí tí wọ́n pín fún àwọn yòókù lọ. Umar kò ní kí wọ́n mú un. Ọmọ rẹ̀ ló dìde, tó ṣàlàyé pé ìpín tòun lòun fún bàbá òun. Mo ti gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ìmáámù ọmọ Sòmálíà kan nínú kùtúbà Jímọ̀, kò sì sí ẹni tó jókòó níbẹ̀ tí kò mọ ẹni tó ń bá wí.

Ẹ wo ìtàn ilẹ̀ náà pẹ̀lú. Ní ọdún 1967, ààrẹ wọn àkọ́kọ́, Aden Abdullah Osman, fìdí rẹmi nínú ìdìbò. Ó gbà, ó gbé ìjọba fún Abdirashid Ali Sharmarke, ìbọn kankan kò dún. Mélòó ni olórí Áfíríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn? Mùsùlùmí ni àwọn méjèèjì. Ní oṣù Kẹwàá 1969 ni wọ́n pa Sharmarke ní Las Anod, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí Siad Barre àti àwọn ológun fi gba ìjọba. Barre yìí ló kéde pé ìlànà sósíálíìsì ni Sòmálíà yóò máa tẹ̀ lé. Nígbà tó gbé òfin ìdílé jáde ní ọdún 1975, èyí tó ní kí ogún obìnrin dọ́gba pẹ̀lú ti ọkùnrin, àwọn àlùfáà dìde nínú mọ́sálááṣí, wọ́n ní àwọn kò gbà. Ó ní kí wọ́n yìnbọn pa mẹ́wàá nínú wọn. Ènìyàn lè fara mọ́ òfin yẹn, ó lè má fara mọ́ ọn; àwọn obìnrin Sòmálíà kan tí mo mọ̀ ṣì ń gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọn wo ló ń béèrè, ta sì ni kò fẹ́ kí wọ́n bi òun? Ó lé ní ogún ọdún tí Barre fi jẹ, kò jíhìn fún ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi lé e kúrò ní Mogadishu ní oṣù Kìn-ín-ní 1991.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lójú tèmi ni Somaliland, apá àríwá Sòmálíà tó ti ń dá ṣe ìjọba ara rẹ̀. Ẹ̀sìn kan náà, èdè kan náà, òfin ilẹ̀ wọn sì sọ ọ́ kedere pé kò gbọdọ̀ sí òfin tó tako ṣàríà. Lẹ́yìn tí wọ́n yapa ní oṣù Karùn-ún 1991, àwọn àgbà wọn jókòó ní Borama ní 1993, oṣù bí mélòó kan ni wọ́n fi rò ó, kí wọ́n tó fẹnu kò lórí bí ìjọba yóò ṣe rí. Ní 2003 wọ́n dìbò ààrẹ. Ìbò tí wọ́n dì súnmọ́ ìdajì mílíọ̀nù. Ìbò 80 péré ni àjọ elétò ìdìbò ní Dahir Riyale Kahin fi ju Ahmed Mohamed Silanyo lọ. Ìbò ọgọ́rin! Silanyo gba ilé-ẹjọ́ lọ, ilé-ẹjọ́ ní Riyale ló wọlé, àwọn àgbà bá a sọ̀rọ̀, ó sì gbà. Ní 2010 òun náà wọlé, Riyale sì kó ẹrù rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2024, Abdirahman Mohamed Abdullahi tí wọ́n ń pè ní Irro la ààrẹ tó wà lórí oyè mọ́lẹ̀, ìjọba sì bọ́ sí i lọ́wọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. N kò ní torí èyí sọ pé kò sí àbùkù níbẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n fi sún ìdìbò yẹn síwájú, ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní Las Anod ní 2023 sì pa ènìyàn tó pọ̀. Bí ẹ̀sìn bá ni kì í jẹ́ kí Mùsùlùmí jíhìn, kí ló wá dé tí ìbò 80 fi tó láti yanjú ọ̀rọ̀ ní Hargeisa, olú ìlú Somaliland?

Ibi tí ọ̀rọ̀ Mogadishu wọ́ sí ni owó àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan olórí. Láti ìpàdé Arta ní Jìbútì ní ọdún 2000 ni wọ́n ti ń pín ìjókòó ìgbìmọ̀ aṣòfin lórí ìlànà 4.5: ìran ńlá mẹ́rin, ìyẹn Darod, Hawiye, Dir àti Digil-Mirifle, gba ìpín kọ̀ọ̀kan, gbogbo àwọn ìran kéékèèké yòókù sì pín ìdajì ìpín láàárín ara wọn. Àwọn àgbà ìran yan aṣojú, àwọn aṣojú yan aṣòfin, àwọn aṣòfin yan ààrẹ. Bẹ́ẹ̀ ni Hassan Sheikh Mohamud ṣe padà wọlé ní oṣù Karùn-ún 2022, nínú gbọ̀ngàn kan ní pápákọ̀ òfuurufú Mogadishu tí àwọn ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ń ṣọ́. Ará ìlú kò dìbò. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé owó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Aṣòfin tó ra ìjókòó rẹ̀, ta ni yóò jíhìn fún ju ẹni tó yá a lówó lọ?

Owó náà sì ń pòórá. Àwọn olùṣèwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ ọ́ sínú àbọ̀ wọn ní 2012 pé nínú dọ́là 10 tó wọlé fún ìjọba fìdíhẹ ní 2009 àti 2010, dọ́là 7 ni kò dé inú àpò ìjọba. Ní 2013 obìnrin kan, Yussur Abrar, di gómìnà báǹkì àpapọ̀ wọn. Ọ̀sẹ̀ méje ló lò, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ láti òkè òkun, ó ní wọ́n ń fipá mú òun láti fọwọ́ sí ohun tí ọkàn òun kò gbà. Mùsùlùmí ni obìnrin yẹn. N kò mọ ìdí tí ìwé ìròyìn kì í fi orúkọ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ Mùsùlùmí, tó fi jẹ́ orúkọ àwọn tó ń gbé bọ́ǹbù nìkan ni wọ́n mọ̀.

Nísinsìnyí, àríyànjiyàn tó gbóná jù ni ti ẹni kan, ìbò kan. Ní oṣù Kẹta 2024 ìgbìmọ̀ aṣòfin yí àwọn orí kan padà nínú òfin ilẹ̀: kí ará ìlú máa yan ààrẹ fúnra wọn, kí sáà rẹ̀ sì kúrò ní ọdún mẹ́rin, kó di márùn-ún. Lójú ẹsẹ̀ ni Puntland ní àwọn kò bá ìjọba àpapọ̀ ṣe mọ́. Àwọn kan níbí ní ohun tí àwọn ti ń tọrọ láti 1969 nìyí. Àwọn mìíràn ní ọgbọ́n láti pẹ́ lórí oyè ni, torí wọ́n rántí oṣù Kẹrin 2021, nígbà tí wọ́n fi ọdún méjì kún sáà Farmaajo, tí ìbọn sì dún láàárín àwọn ọmọ ogun ìjọba fúnra wọn ní Mogadishu. Lójú tèmi, ẹ̀tọ́ ará ìlú ni ìbò, ó sì ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí òfin tuntun yóò ṣe láǹfààní kọ́ ló yẹ kó dá a kọ.

Al-Shabaab, àwọn agbébọn tó ń fi orúkọ ẹ̀sìn bá ìjọba jà, ńkọ́? Wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ oníṣòwò, wọ́n ń pè é ní sàká, wọ́n sì ń já rìsíìtì. Awakọ̀ akẹ́rù tó ti san tiwọn lẹ́ẹ̀kan kì í san án mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ibi tí ìjọba bá dábùú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ ló ń gbowó. Ará Mogadishu mìíràn tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ẹjọ́ al-Shabaab, torí pé adájọ́ ìjọba ń gba rìbá. Ìdájọ́ tí wọn kò rí lọ́dọ̀ ìjọba ló ń gbé wọn débẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè bi al-Shabaab ohun tí wọ́n fi sàká náà ṣe? Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2017, bọ́ǹbù inú ọkọ̀ akẹ́rù pa ju 500 ènìyàn lọ ní oríta Zoobe ní Mogadishu. Ìjọba ní al-Shabaab ló ṣe é, títí di òní al-Shabaab kò jẹ́wọ́.

Ní oṣù Kìn-ín-ní 2023 ọgọ́rọ̀ọ̀rún àlùfáà péjọ sí Mogadishu, wọ́n ní Kàwáríjì, ìyẹn àwọn tó yapa kúrò lójú ọ̀nà ẹ̀sìn, ni al-Shabaab, pé ohun tí wọ́n ń ṣe kì í ṣe ẹ̀sìn. Inú mi dùn sí i. Síbẹ̀ àwọn àlùfáà tó péjọ kò béèrè owó lọ́wọ́ ìjọba tó pè wọ́n, ó sì yẹ kí wọ́n béèrè. Ẹni tó sì jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn nígbà yẹn ni Mukhtar Robow, tó ti jẹ́ igbákejì olórí al-Shabaab rí, ẹni tí Amẹ́ríkà ti ṣèlérí mílíọ̀nù dọ́là 5 rí fún ẹni tó bá tú àṣírí ibi tó wà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ya ilé kan náà sí méjì. Àwọn kan ní ẹni tó ronú pìwà dà, kí a gbà á, Ọlọ́run ni onídàájọ́. Àwọn kan ní kò burú, ṣùgbọ́n ta ni ó dúró níwájú rẹ̀ jíhìn fún àwọn tó kú kí wọ́n tó fún un ní ọ́fíìsì? Ọ̀dọ̀ àwọn tó béèrè èyí ni mo wà. Ìrònúpìwàdà wà láàárín ẹ̀dá àti Ọlọ́run, ẹ̀tọ́ ẹni tí a pa ènìyàn rẹ̀ tún dá dúró lọ́tọ̀. Àlùfáà kankan kò ní bá mi jiyàn lórí ìyẹn.

Àríyànjiyàn yìí ti dé Minneapolis níbí. Láti 2022 ni ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ń gbọ́ ẹjọ́ àjọ kan tó ń jẹ́ Feeding Our Future, lórí owó oúnjẹ ọmọdé tí wọ́n jí nígbà àrùn kòrónà, ó lé ní mílíọ̀nù dọ́là 250. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn jẹ́ ọmọ Sòmálíà. Obìnrin tó dá àjọ náà sílẹ̀, tí ilé-ẹjọ́ dá lẹ́bi ní oṣù Kẹta 2025, kì í ṣe ọmọ Sòmálíà. Àwọn kan ní mọ́sálááṣí ní kí a dákẹ́, pé àwọn ọ̀tá ń gbọ́. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, ní ẹni jalè ló bọmọ jẹ́, pé oúnjẹ ọmọ àwọn ni wọ́n jẹ, kí wọ́n lọ ṣẹ̀wọ̀n. Mo gbà pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Orí gbogbo ìran ni wọ́n sì fẹ́ di ẹ̀bi náà rù báyìí, bí òǹkọ̀wé yín ṣe di ti Mogadishu ru gbogbo Mùsùlùmí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà náà. Ní oṣù Kẹsàn-án 1993, ọmọ ogun wa méje ló kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní Mogadishu níbi iṣẹ́ àlàáfíà, àwọn ọlọ́pàá wa sì tún ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. Nítorí náà, Olóòtú, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ní oṣù Kejìlá 2023, wọ́n fagi lé gbèsè Sòmálíà tó tó bílíọ̀nù dọ́là 4.5. Ẹ bá wa wádìí ohun tí ìjọba ń fi owó tí kò san mọ́ ṣe, iye ilé-ìwé, iye ilé ìwòsàn, ẹ sì kọ orúkọ àwọn tí ìwé owó náà wà lọ́wọ́ wọn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Minneapolis, ìpínlẹ̀ Minnesota