Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi tí kò rí oorun sùn

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó gbé gègé. O ní ooru ń mú ọ lóru títí aṣọ rẹ fi ń rin gbingbin, pé àwọn orúkọ tí o mọ̀ bí ẹní mowó ń pòórá lẹ́nu rẹ, àti pé ẹ̀rù ń bà ọ́ kí iyè rẹ má lọ máa ra. Jọ̀wọ́, fọkàn balẹ̀. Ohun kan náà ló ṣe mí nígbà tí nǹkan oṣù mi ń múra àtidá, odindi oṣù mẹ́jọ ni mo sì fi lo oògùn oorun lásán, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè nípa nǹkan oṣù mi, èmi náà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n mẹ́nu kàn án.

Láti ẹni ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù sábà máa ń dá, ìgbà tí obìnrin bá sì ti lo oṣù 12 gbáko láìrí i ni a tó lè sọ pé ó ti dá. Ṣùgbọ́n ìyọnu rẹ̀ lè ti ṣáájú dé ní ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí nǹkan oṣù ṣì ń wá, nítorí pé ẹ́sítírójẹ̀nì, ìyẹn họ́mónù obìnrin tó wà nínú ara, máa ń lọ sókè, a tún wálẹ̀, kí ó tó wá rẹlẹ̀ pátápátá. Ibi tí a ti ń ṣìnà nìyẹn. Ayé ya ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ọ̀rọ̀ yìí, síbẹ̀ ẹnu ọ̀rẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó sì dùn mí.

Ní ti họ́mónù àfirọ́pò, ìyẹn oògùn tí a fi ń dípò họ́mónù tó ti dínkù nínú ara, tí o ní o kò ní fọwọ́ kàn láé nítorí jẹjẹrẹ ọmú, mo mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá. Ní ọdún 2002, wọ́n dá apá kan ìwádìí ńlá Women's Health Initiative dúró ní Amẹ́ríkà, nítorí pé jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ sí i láàrin àwọn tó ń lo ẹ́sítírójẹ̀nì pẹ̀lú progestin (oògùn họ́mónù kejì tó ń dáàbò bo ilé ọmọ), ìròyìn náà sì mú kí àìmọye obìnrin pa oògùn wọn tì. Ohun tí wọn kò tẹnu mọ́ ni pé ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn obìnrin náà jẹ́ 63, àti pé àfikún ewu náà jẹ́ bí ènìyàn 8 nínú obìnrin 10,000 lọ́dún kan. Ewu náà kì í ṣe irọ́, n kò sì ní fi í pamọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 60, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì dá ju ọdún 10 lọ, tí kò sì ní àìsàn tó lòdì sí oògùn náà, àǹfààní rẹ̀ sábà máa ń ju ewu lọ, pàápàá lórí ooru òru àti egungun.

Bí jẹjẹrẹ ọmú bá ti ṣe ọ́ rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí ọ lẹ́sẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró, sọ fún dókítà kíákíá, nítorí pé ìtọ́jú mìíràn tí kì í ṣe họ́mónù wà. Níwọ̀n ìgbà tí ilé ọmọ rẹ sì ṣì wà, wọn kò gbọdọ̀ fún ọ ní ẹ́sítírójẹ̀nì nìkan; wọ́n ní láti fi oògùn kejì, bíi progestin, tì í lẹ́yìn, kí jẹjẹrẹ má baà mú ilé ọmọ. Bèèrè èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ ara, nítorí pé ewu ẹ̀jẹ̀ dídì kéré nínú rẹ̀ ju ti oníhóró lọ.

Láti alẹ́ òní, máa kọ ọjọ́ tí nǹkan oṣù rẹ wá àti òru tí ooru mú ọ sílẹ̀, kí o sì mú ìwé náà dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Jọ̀wọ́, kọ ohun tí wọ́n bá sọ fún ọ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.