Àpòlúkù Kì Í Ṣe Àpò Ẹran Lásán

Sí Olóòtú,

Mo dúpẹ́ fún àpilẹ̀kọ yín lórí ẹ̀yà ara, àmọ́ n kò fara mọ́ ibi tí ẹ ti pe àpòlúkù ní àpò ẹran lásán, nítorí oríṣi àkójọ sẹ́ẹ̀lì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ara ẹranko ní ló para pọ̀ níbẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tẹ́ inú rẹ̀ ló ń sun omi kíkan tí ń da oúnjẹ, òun náà ló sì ń sun ikun tí kì í jẹ́ kí omi náà jẹ àpòlúkù fúnra rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ojú rẹ̀ ń kú, tí tuntun sì ń rọ́pò wọn. Lábẹ́ awọ náà ni àsopọ̀ (àkójọ sẹ́ẹ̀lì tí ń so ẹ̀yà ara pọ̀) tí òpó ẹ̀jẹ̀ gbà kọjá wà, lẹ́yìn náà ni iṣan, èyí tí ó jẹ́ ìpele 3 nínú ti ènìyàn: ọ̀kan nà gbọọrọ, ọ̀kan yí po, ìkẹta sì dagun, kí wọ́n lè jọ po oúnjẹ. Iṣan ìmọ̀lára tí ó wà láàárín wọn ló ń darí wọn.

Ẹ tún yọ ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú àsopọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ń ṣàn, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ kan náà ni àwọn onímọ̀ kà á mọ́ pẹ̀lú egungun àti ọ̀rá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un ṣe nínú ìwé ìròyìn yín tí ń bọ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín