Ọkọ̀ tí mo rà ní gbàǹjo yín, ó ti mu omi yó kó tó dé ọ̀dọ̀ mi

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń bójú tó ẹ̀sùn kọ́sítọ́mà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí màá kọ̀wé sí yín rèé lórí ọkọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́ kọ̀ǹpútà yín ló dá mi lóhùn, ó ní ẹ ti rí ìméèlì mi, ẹ ṣeun. Lónìí ẹ jọ̀ọ́, èèyàn ni mo fẹ́ kó kà á.

Kẹ́ ẹ tó sọ pé mi ò ka àdéhùn, mo kà á. Mo rí ibi tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí pé bẹ́ ẹ ṣe bá a lẹ ṣe ń tà á, kò sí gáráńtì. Mo gbà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ nǹkan kan nípa táyà tó ti jẹ tán, tàbí jíà tó máa ń ta èèyàn nù, àwọn yẹn mo ti rò wọ́n mọ́ owó tí mo pè. Ọkọ̀ àlòkù ni, mi ò retí tuntun.

Fótò yín ló ń dùn mí. 14 lẹ gbé síta, rédíò nìkan ẹ yà á lẹ́ẹ̀mejì bíi pé rédíò ni mo fẹ́ rà, ẹ ò wá ya abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ ò ya ibi tí sípíà táyà ń wà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ dé, mẹkáníìkì mi ò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá tó fi fa bẹ́líìtì síítì ẹ̀yìn jáde títí tí kò fi lè jáde mọ́, apá tó máa ń wà níta mọ́ tónítóní, èyí tó ká sínú lọ́hùn-ún wá gan paali, pọ́tọ̀pọ́tọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Ẹni tó fọ̀ ọ́, ibi tójú ń rí ló fọ̀. A ká kápẹ́ẹ̀tì, iyanrìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nọ́ọ̀tì abẹ́ síítì ti dípẹtà, wáyà ti yọ àwọ̀ ewé. Lọ́fínńdà tí wọ́n so mọ́ mírò sì tó mẹ́rin, kò yẹ kí n bi ara mi ní ìdí ẹ̀ mọ́. Tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná eábáàgì yẹ kó tàn díẹ̀ kó tó kú, tiwa yìí ò tàn rárá, ẹnì kan ti yọ ọ́.

Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ fótò pé ó ń sítáàtì, ó ń rìn. Ìgbà tí mo pè yín lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ṣàlàyé pé ọjọ́ tó dé yáàdì yín lẹ ní lọ́kàn, ó sítáàtì, ó rìn síwájú díẹ̀, ó parí.

Èyí tó wá burú jù ni nọ́ńbà ṣáásì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló yẹ kí n rí, ẹ fi ìràwọ̀ bo 6 tó kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ àwọn 6 yẹn gan-an ló ń ya ọkọ̀ kan sọ́tọ̀ lára ẹgbẹ́ ẹ̀. Ìgbà tí mo sanwó tán lẹ tó fi gbogbo ẹ̀ hàn mí, mo fi wo ìtàn ọkọ̀ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó wà ńbẹ̀ kedere pé iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ti sanwó ẹ̀ fẹ́ni tó ni ín tẹ́lẹ̀ nítorí àkúnya omi. Kò ju ìṣẹ́jú 2 lọ. Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé ẹ̀yin ò wò ó? Ewu tí mo rí tí mo sì gbà, tèmi ni. Èyí tẹ́ ẹ fọwọ́ bò, tiyín ni.

Ẹ tún gba owó yáàdì ọjọ́ 5 lọ́wọ́ mi, ìwé ọkọ̀ tó wà lọ́dọ̀ yín là ń dúró dè nígbà yẹn o.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gba ọkọ̀ yín, kẹ́ ẹ dá owó mi padà, títí kan owó gbàǹjo tẹ́ ẹ yọ lé e àti owó tí mo fi gbé e wá. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tún un gbé síta, fótò bẹ́líìtì yẹn ni mo so mọ́ ìméèlì yìí, ẹ fi ṣe ìkẹẹ̀ẹ́dógún.

Èmi ni, kọ́sítọ́mà yín tó ń retí èsì.